Fóònù ń ka ìṣísẹ̀ àwọn àgbà, àmọ́ ta ló ń bá wọn rìn?

Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ tó wà lókè òkun bá fẹ́ fi nǹkan ìlera ránṣẹ́ sí bàbá tàbí màmá rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ló máa ń jẹ́. Ní báyìí, aago ọwọ́ tó ń ka ìṣísẹ̀ ti wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó bọ̀ láti London àti Houston. Ọ̀pọ̀ fóònù ìgbàlódé tó wà lọ́wọ́ àwọn àgbà náà sì lè ka ìrìn ẹni tó mú un dání, bí onítọ̀hún ò tiẹ̀ mọ̀. Àwọn dókítà ń bi aláìsàn léèrè iye tó ń rìn lójúmọ́. Àwọn ìjọba kan tilẹ̀ ń fún aráàlú lẹ́bùn nítorí pé wọ́n rìn. Ohun tó yẹ ká wádìí ni bóyá àwọn áàpù tó ń ka ìṣísẹ̀ lórí fóònù àti aago yìí ń mú kí ènìyàn rìn lóòótọ́, pàápàá ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àbí wọ́n kàn ń ka ohun tó ti fẹ́ rìn tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo rí nínú ìwádìí tó wà nílẹ̀ ni pé wọ́n ń mú un rìn, àmọ́ kì í sábà pẹ́, àfi bí ènìyàn ẹlẹ́ran ara bá wà lẹ́yìn áàpù náà.

Lọ́dún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, kéde pé ní ọdún 2022, ìdá 31 nínú 100 àwọn tó ti kúrò lọ́mọdé lágbàáyé, nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.8 ènìyàn, ni kò ṣe eré ìdárayá tó bó ṣe yẹ. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ó máa di ìdá 35 nígbà tó bá fi máa di 2030. Àìsàn ọkàn, rọpárọsẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, oríṣi jẹjẹrẹ kan àti àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ni ìjókòó púpọ̀ ń bá rìn. Ohun tí WHO sì ní ká ṣe kò pọ̀ jù: ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, ìrìn kánkán tàbí iṣẹ́ tó jọ ọ́. Bí ẹ bá ń rìn tí ẹ ṣì lè bá ẹni ẹ̀gbẹ́ yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí èémí ò jẹ́ kí ẹ lè kọrin, ẹ ti dé ibẹ̀. Oko ríro wà nínú rẹ̀, omi pípọn wà nínú rẹ̀, ijó náà sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bàbá tó ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko lójoojúmọ́ ní Ìsẹ́yìn kò nílò kí fóònù kankan ní kó dìde. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ti iwájú tẹlifíṣọ̀n bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, àti ìyá oníṣọ́ọ̀bù tó jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Nínú ọ̀pọ̀ áàpù, 10,000 ni iye tí wọ́n gbé síwájú ènìyàn pé kó bá. Dókítà kọ́ ló mú nọ́ńbà yẹn wá. Lọ́dún 1965, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ìdíje Olympics ní Tokyo, ilé-iṣẹ́ Yamasa ní Japan gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fi há ìbàdí jáde, wọ́n sì fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìṣísẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Nọ́ńbà náà dùn ún pè, kò sì ṣòro rántí. Ọjà tà, nọ́ńbà náà sì tàn dé gbogbo ayé kó tó di pé ẹnikẹ́ni fi iye ènìyàn tó pọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Àwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò bá nǹkan mìíràn pàdé. I-Min Lee ti Yunifásítì Harvard àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn obìnrin 16,741 ní Amẹ́ríkà ní ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn obìnrin náà jẹ́ 72. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2019, ó hàn pé ewu ikú àwọn tó ń rìn nǹkan bí 4,400 lójúmọ́ fi ìdá 41 nínú 100 kéré sí ti àwọn tó ń rìn 2,700. Bí ìṣísẹ̀ ṣe ń pọ̀ ni èrè ń pọ̀, títí tó fi dé nǹkan bí 7,500. Ibẹ̀ ló dúró sí. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 15 pọ̀, tí ènìyàn inú rẹ̀ sún mọ́ 50,000, wọ́n sì rí i pé fún ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún, àárín 6,000 sí 8,000 ni èrè ti ń dúró, nígbà tí ti àwọn tí kò tó ọgọ́ta wà láàárín 8,000 sí 10,000. Àkójọ tuntun tó jáde lọ́dún 2025 tún fi 7,000 wé 2,000, ewu ikú ẹni tó ń rìn 7,000 sì fi ìdá 47 nínú 100 kéré.

Ẹ má fi àwọn nọ́ńbà yìí búra o. Ẹni tí àìsàn ti dè mọ́lẹ̀ kò lè rìn púpọ̀, kì í sì í ṣe àìrìn ló kọ́kọ́ ṣe é. Àwọn onímọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbìyànjú láti yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò wọn, àmọ́ kò ṣeé yọ tán. Síbẹ̀, ohun tí gbogbo wọn fẹnu kò sí ni pé ibi tí èrè pọ̀ sí jù ni ìsàlẹ̀, láàárín ẹni tí kì í rìn rárá àti ẹni tó ń rìn díẹ̀.

Ohun tó yẹ kí áàpù fi kọ́ àgbà rìn nìyẹn, àmọ́ òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe. Ẹ wo màmá ẹni ọdún 74 tó ń rìn 2,000 lójúmọ́. Ó ṣí fóònù lálẹ́, fóònù sọ fún un pé ìdá ogún péré nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Ọ̀la, bákan náà. Ọ̀túnla, ó gbé fóònù jù sílẹ̀, ó ní ara òun ò gba ìyà. Bí ẹnì kan bá wọnú áàpù yẹn lọ, tó yí iye náà padà sí 2,500 fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà 3,000, màmá náà á máa borí. Ó ṣeé yí padà nínú ọ̀pọ̀ áàpù, ìṣẹ́jú kan ni. N kò sì sọ pé kí wọ́n má fún un ní iye kankan o. Dena Bravata àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford kó ìwádìí lórí ẹ̀rọ ìka-ìṣísẹ̀ jọ lọ́dún 2007, wọ́n sì rí i pé àwọn tó ń lò ó fi iye tó lé ní 2,000 kún ìrìn wọn lójúmọ́, àti pé níní iye kan pàtó tí ènìyàn fẹ́ dé wà lára ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ jù.

Ọ̀sẹ̀ mélòó ló ń pẹ́?

Lórí áàpù fúnra rẹ̀, àkójọ ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2021, tó ní ìdánwò 28 nínú, fi hàn pé áàpù àti aago ìka-ìṣísẹ̀ fi nǹkan bí 1,850 ìṣísẹ̀ kún ti tẹ́lẹ̀ lójúmọ́. Ìyẹn kì í ṣe kékeré. Àmọ́ àárín ọmọ ọdún 18 sí 65 ni àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí náà wà, wọn ò sì ní àìsàn tó ń bá wọn jà lọ́jọ́ pípẹ́. Bàbá ẹni ọdún 75 tí làkúrègbé ń dà láàmú kò sí lára wọn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá ní ìwádìí ti fìdí áàpù òun múlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí náà.

Pokémon Go, eré orí fóònù tó gbòde ní oṣù Keje ọdún 2016, tó ń mú kí àwọn èwe àti àgbà máa rìn káàkiri ìgboro wá ẹranko tí kò sí, ló fi bí nǹkan ṣe máa ń rí hàn jù. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ lọ́dún yẹn kan náà wo àwọn tó ń ṣe eré náà ní Amẹ́ríkà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n fi 955 kún ìṣísẹ̀ wọn lójúmọ́. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ti padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Eré tuntun máa ń dùn mọ́ni, lẹ́yìn náà ojú á mọ́ra.

Àwọn ìjọba àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò rò pé owó ni yóò yanjú rẹ̀. Singapore ló ṣe é tọkàntọkàn jù. Láti ọdún 2015 ni àjọ ìlera ibẹ̀ ti ń ṣe ìdíje ìṣísẹ̀ fún gbogbo ìlú: wọ́n pín ẹ̀rọ ìka-ìṣísẹ̀ fún àwọn aráàlú, áàpù wọn tó ń jẹ́ Healthy 365 ń ka àmì, wọ́n sì ń fi àmì náà gba ìwé ìrajà tí wọ́n lè ná ní ọjà. Ìlú kékeré tó lówó ni Singapore, òpópónà rẹ̀ sì ṣeé rìn. Kánádà gbìyànjú ohun tó jọ ọ́ pẹ̀lú áàpù Carrot Rewards tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Owó tí wọ́n fi ń gbé e ró tán, áàpù náà sì kógbá sílé ní oṣù Kẹfà ọdún 2019.

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Pennsylvania wo irú owó tó ń ṣiṣẹ́ jù. Wọ́n fún àwọn kan ní dọ́là 1.40 ní ọjọ́ tí wọ́n bá rìn tó 7,000. Àwọn mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ kó dọ́là 42 fún níbẹ̀rẹ̀ oṣù, wọ́n wá ń yọ 1.40 kúrò nínú rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọn ò bá rìn tó. Owó kan náà ni, àmọ́ àwọn tí wọ́n ń yọ ti wọn ló ṣe dáadáa jù: ìdá 45 nínú 100 ọjọ́ ni wọ́n bá a, àwọn tí wọn ò fún lówó rárá bá a ní ìdá 30. Ó dun ènìyàn kí wọ́n gba tọwọ́ rẹ̀ ju kó má rí gbà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó dúró, ìyàtọ̀ náà lọ.

Tiwa ní Nàìjíríà tilẹ̀ yàtọ̀. Ọdún 2022 ni ọ̀rọ̀ “rìn kó o gbowó” gbóná lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, nígbà tí Sweatcoin, áàpù tó ti London wá, ń múra láti sọ ìṣísẹ̀ di kírípítò, ìyẹn owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Owó náà jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, kò sì pẹ́ tó fi já wálẹ̀. Ti STEPN, áàpù mìíràn tó ní kí ènìyàn kọ́kọ́ fowó gidi ra bàtà orí fóònù kó tó lè rìn gbowó, ti já wálẹ̀ ṣáájú, láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà ọdún kan náà. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọ̀dọ́ rìn nítorí kírípítò. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ní kí àgbà san owó kó tó lè rìn, ẹ sá fún un. Ibi tí owó bá sì ti wọ ọ̀rọ̀ ìṣísẹ̀, ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí ò ní ṣàìwọ̀ ọ́: ní Ṣáínà, wọ́n ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé fóònù lé lórí, tó ń mì ín síwá sẹ́yìn kó lè ka ìṣísẹ̀ nígbà tí ẹni tó ni ín ń sùn.

Ìdílé ni ìdáhùn tó sún mọ́ wa jù

Nínú gbogbo ìwádìí tí mo ti mẹ́nu bà, kò sí èyí tó wù mí tó ti ọdún 2017 kan tí Yunifásítì Pennsylvania náà ṣe, pẹ̀lú àwọn ìdílé tó wà nínú ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Framingham, ní Massachusetts. Ènìyàn 200 láti ìdílé 94 ni. Wọ́n pín àwọn ìdílé náà sọ́nà méjì. Àwọn kan kàn ń rí iye ìṣísẹ̀ wọn. Ní ti àwọn kejì, wọ́n ń fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní àmì 70 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, lójoojúmọ́ ni ẹ̀rọ sì máa ń ṣà ènìyàn kan nínú ìdílé náà láì jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó kàn. Bí ẹni yẹn kò bá rìn tó iye tó ṣèlérí lánàá, gbogbo ìdílé ló máa pàdánù àmì mẹ́wàá. Kò sí owó níbẹ̀, kò sí ẹ̀bùn ńlá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, àwọn àkọ́kọ́ ti fi 636 kún ìrìn wọn lójúmọ́. Àwọn kejì fi 1,661 kún tiwọn. Lẹ́yìn tí eré náà parí, tiwọn dín kù díẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣì wà níwájú.

Ẹni tó bá mọ ilé Yorùbá mọ ìdí rẹ̀ láìka ìwé kankan. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kó jẹ́ òun ni òun máa dójú ti ìdílé. Ohun tó ṣòro níbí ni pé ọmọ kì í pàṣẹ fún òbí. Bí ọmọ bá wo áàpù ní Manchester, tó pe Ìbàdàn, tó ní, “Màmá, kí ló dé tí ẹ ò rìn lánàá?”, èsì tó máa gbà ni, “Ṣé ìwọ lo bí mi ni?” Ọ̀rọ̀ náà sì ti bà jẹ́ nìyẹn, bí màmá ò bá pa áàpù, á máa gbàgbé fóònù sílé. Àmọ́ bí ọmọ náà bá ní, “Màmá, èmi ò rìn ju 3,000 lọ lánàá, iṣẹ́ ò jẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́?”, màmá á kà tirẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á tún bá a wí pé kó máa tọ́jú ara rẹ̀. Ọmọ-ọmọ tilẹ̀ dára ju ọmọ lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí kò sí bàbá àgbà tí kò ní fẹ́ na ọmọ ọdún mẹ́wàá nínú ìdíje. Kò pọn dandan kí áàpù náà ní ibi tí wọ́n ti ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Fọ́tò ojú fóònù lórí WhatsApp lálẹ́ àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ ti tó.

Ohun tí fóònù kì í rí

Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú fóònù tó ń mọ̀ bó ṣe ń mì, òun ni áàpù ń lò láti fi mọ ìṣísẹ̀. Ẹni tó bá ń yára rìn, ara rẹ̀ ń mì dáadáa, kíkà náà sì máa ń sún mọ́ òótọ́. Ẹni tó bá ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó ń wọ́ ẹsẹ̀, tàbí tó ń fi ọ̀pá rìn, ẹ̀rọ náà máa ń fo ọ̀pọ̀ ìṣísẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó nílò ìyìn jù ni wọ́n ń rẹ́ jẹ. Ẹ tún wo ibi tí fóònù ń gbé lọ́jọ́ kan: nínú báàgì tí ìyá gbé kalẹ̀ sí ìsọ̀, tàbí nídìí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì nítorí pé iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Màmá ti rìn yí ọjà po ní ìgbà mẹ́ta, fóònù ní kò kúrò lójú kan. Àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú kan sì máa ń dá áàpù dúró lábẹ́lẹ̀ kí bátìrì lè pẹ́. Nítorí náà, fún àgbà, aago ọwọ́ tó rọrùn sàn díẹ̀ ju fóònù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìrìn ẹni tó fọwọ́ méjèèjì di irin tí wọ́n fi ń rìn (walker) mú. Ẹ má fi nọ́ńbà ẹnì kan wé tẹlòmíràn. Ẹ fi tòní wé tàná ẹni kan náà.

Ohun tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ìṣísẹ̀ kọ́ ni gbogbo ohun tí àgbà nílò. Láti ọmọ ọdún 65 sókè, WHO ní kí ènìyàn máa ṣe ohun tó ń mú kí ìdúró rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ àti ohun tó ń fún iṣan lágbára, ní ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán lọ́sẹ̀. Ìdí ni pé ṣíṣubú ń pa ènìyàn tó tó 684,000 lágbàáyé lọ́dún, àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Dídìde lórí àga láì fọwọ́ ti nǹkan nígbà mẹ́wàá, dídúró lórí ẹsẹ̀ kan pẹ̀lú ọwọ́ lára ògiri, gígun àtẹ̀gùn díẹ̀: fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ìkankan nínú wọn. Ijó ń ṣe méjèèjì, bàtá kọ́ ni mo ń sọ o, èyí tí wọ́n ń jó lẹ́gbẹ́ ọlọ́mọge àná lọ́jọ́ ìnáwó ti tó. Ẹni tí òòyì ń kọ́, tí àyà ń dùn nígbà tó bá ń rìn, tàbí tó ti ṣubú rí, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ kó tó bá áàpù kankan ṣe àdéhùn. Ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn ní ibi ìtọ́jú àwọn àgbà lọ́tọ̀, Chief Tony Anenih Geriatric Centre, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2012.

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà kò gba àlàyé púpọ̀. Áàpù tó ní “Ẹ jáde lọ rìn” kò mọ̀ pé gọ́tà ò ní ìdérí, pé ọ̀kadà ń gun ibi tó yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ gbà, pé ilẹ̀ ń yọ̀ lákòókò òjò. Pápá ilé-ìwé láàárọ̀ kùtù, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, tàbí yíyí inú ilé po, gbogbo rẹ̀ ni ìrìn.

Ó ku ohun tí áàpù ń gbà lọ́wọ́ yín. Lóṣù Kìíní ọdún 2018, àwòrán ilẹ̀ tí Strava, áàpù àwọn tó ń sáré, gbé jáde, tó ń fi ibi tí àwọn ènìyàn ti ń sáré hàn, tú àṣírí ibùdó àwọn ọmọ ogun káàkiri ayé, nítorí pé àwọn sójà ń fi áàpù náà sáré yí ibùdó wọn po. Ẹni tó bá mọ aago tí bàbá yín ń jáde láàárọ̀ àti ọ̀nà tó ń gbà mọ ìgbà tí ilé ṣófo. Òfin ìdáàbòbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023, àmọ́ ẹni tó ni fóònù ló máa kọ́kọ́ ṣọ́ ara rẹ̀. Kíka ìṣísẹ̀ kò nílò kí áàpù mọ ibi tí ẹ wà, kò nílò nọ́ńbà àwọn tí ẹ ń pè, kò sì nílò dátà íńtánẹ́ẹ̀tì rárá. Inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Bí áàpù bá béèrè fún àwọn nǹkan wọ̀nyẹn nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i fún òbí yín, ẹ tẹ “Deny”. Bó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ lo èyí tó bá fóònù náà wá.